Òwú Tó Bá Ara Mu

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọ ìka Ẹ̀gbọ́n, kò ké. Aṣọ ló kọ́kọ́ wò.

Aṣọ náà funfun, ó nípọn, wọ́n sì tẹ́ aṣọ mìíràn sí i nínú kí oòrùn má baà gbà á kọjá. Ogójì kọ́tìnnì ni òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà ní ìkángun òpópónà ní kí wọ́n rán, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sì fẹ́ fi wọ́n kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ náà. Mẹ́rìndínlógún ti parí, wọ́n ti ká wọn jọ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lọ́wọ́ òsì ni abẹ́rẹ́ gún, ìka tí Ẹ̀gbọ́n fi ń darí aṣọ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ èékánná wọlé, ó yọ lódì kejì, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí Ẹ̀gbọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀.

“Òwú,” ló wí. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Obìnrin méjì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n ni àwọn oníbàárà ń pè ní Aránmáhàn, nítorí pé bó bá rán nǹkan tán, o lè gbé e sójú oòrùn, kí o máa wá ojú abẹ́rẹ́ kiri títí ojú yóò fi máa ta ọ́, o ò ní rí i. Èkejì kò ní orúkọ ju Àbúrò lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ewú ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, síbẹ̀ àtọmọdé àtàgbà tó bá wọlé, “Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́” ni. Ó ti gba kámú. Ẹ̀gbọ́n ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àbúrò ló ń gé aṣọ, ló ń lọ̀ ọ́, ló sì ń fi àlùmọ́gàjí kékeré gé ìrù òwú tó bá ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ kí oníbàárà tó dé. Iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí oṣù kan tí oníbàárà kan kì í padà wá, tí yóò na apá aṣọ síta, tí òwú gígùn kan yóò máa mì lábẹ́ rẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ. Ẹ̀gbọ́n a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, a wá yíjú sí Àbúrò, a ní ọmọ ìyá òun ni ẹni tó wẹ̀ tán tó gbàgbé láti fọ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òwú tí Ẹ̀gbọ́n béèrè yìí, ọ̀dọ̀ obìnrin tó kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n ti mú un wá. Obìnrin náà kò fi ojú kékeré wo aṣọ oníbàárà. Awọ ara aránṣọ á jinná, ló máa ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í jáde lára aṣọ funfun. Nítorí náà bí abẹ́rẹ́ bá wọ ìka, o ò gbọdọ̀ tíì yọ ọ́. O máa fi òwú so ìdí ìka náà kó le, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ráyè jáde, lẹ́yìn náà ni wàá yí ẹ̀rọ sókè, wàá fa ìka rẹ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá gbẹ, o gé òwú, o ń báṣẹ́ lọ. Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin yẹn ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tí ìka rẹ̀ já.

Àbúrò nawọ́ sí pákó tí wọ́n ń to òwú sí. Kò ronú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń wá òwú tó bá aṣọ mu, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju ojú lọ. Òwú funfun wà níwájú, pupa wà, òféfèé wà, ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni òwú ọ̀rá kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó dúdú díẹ̀, àwọ̀ ara Ẹ̀gbọ́n gẹ́lẹ́. Ó lọ́ ọ mọ́ ìdí ìka náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á ní kókó, ó fi eyín já ìyókù. Ẹ̀gbọ́n yí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ jáde. Ẹ̀jẹ̀ kán lẹ́ẹ̀mejì péré, sórí pátákó ni.

Ẹnu ọ̀nà ló dún. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ló wọlé, ọkùnrin tó máa ń wọ bàtà dídán, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń retí rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Àbúrò fa pélébé aṣọ kan nínú àjákù ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá píìnì, ó sì wé ìka náà láti orí dé ìdí lábẹ́ tábìlì níbẹ̀. Máníjà béèrè bóyá ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé ó rí òun tí òun ń sùn ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ka kọ́tìnnì tó wà nílẹ̀, ó lọ. Nígbà tó fi máa lọ, iṣẹ́ ti pè wọ́n padà, àwọn méjèèjì sì dáhùn.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, ìka náà ti wú. Ó wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, aṣọ tí wọ́n fi wé e ti há mọ́ ọn, ìka náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi ní bí iná mànàmáná bá lọ, kí Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, òun á fi ìka òun lọ aṣọ. Ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìka náà ń sọ kìì, kìì, kìì, bí ẹni pé ọkàn kejì ti wà níbẹ̀. Kò lè tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Kọ́tìnnì kan tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, odindi wákàtí ló gbà.

Àbúrò ní kí wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ibi tó jìnnà, òpópónà kejì ni.

“Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá mi rán kọ́tìnnì?” ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

Ó mú wíwú náà ní ọ̀tá. Ó bu omi dídì sínú kọ́ọ̀pù, ó rẹ ìka sínú rẹ̀ tòun ti aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ó rán Àbúrò lọ sọ́dọ̀ olóògùn tó wà ní ìkóríta pé kó lọ ra oògùn ara ríro wá, ó gbé méjì mì, nígbà tó di ọ̀sán ó tún gbé méjì mì sí i. Olóògùn ti kìlọ̀ fún Àbúrò pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan yẹ ìka náà wò. Àbúrò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ní olóògùn yẹn kan náà ló rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ òun, tó ní ó fún òun nídìí, nígbà tó jẹ́ pé ìdí ló tóbi sí i. Ta ló máa gba ìmọ̀ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, orin ni Ẹ̀gbọ́n ń kọ wọlé.

“Ó ti dákẹ́,” ló wí. Ó gbá ìka náà mọ́ etí tábìlì, kó, kó, kó, kí Àbúrò lè rí i. “Ṣé o rí i? Bí èèyàn bá gbọ́ tìrẹ, wọn ì bá ti fi mí sórí bẹ́ẹ̀dì.”

Inú Àbúrò dùn. Ó gbé omi kaná, wọ́n mu tíì. Láàárín òwúrọ̀ nìkan Ẹ̀gbọ́n rán kọ́tìnnì méje, ẹ̀rọ ń kọrin, òun náà ń kọrin. Nígbà tí Àbúrò ń gba ìkẹjọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìka àwọn méjèèjì kanra. Àbúrò fa ọwọ́ rẹ̀ padà kó tó mọ̀ pé òun fà á. Ìka Ẹ̀gbọ́n tutù, àní gba inú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ṣọ́ọ̀bù gbóná, áyọ́ọ̀nù ń yọ èéfín, òógùn ń ṣàn lọ́rùn àwọn méjèèjì, ìka yẹn sì tutù bí ṣíbí tó sun inú omi mọ́jú.

Àbúrò padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ, ṣùgbọ́n ìka náà ló ń wò. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá omi dídì àná ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ ibi kan náà lẹ́ẹ̀kẹta kó tó mọ̀.

Ní ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n dìde láti fi píìnì mú ìdí àwọn kọ́tìnnì tó kù. Ó ń sọ ìtàn obìnrin kan tó gbé aṣọ wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí kò tíì wá gbé e, ó ní aṣọ náà ti di ọmọ ilé, wọ́n á tó máa bu oúnjẹ fún un. Àbúrò gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín. Píìnì kan dúró ṣánṣán ní orí ìka tó wú yẹn, ó ti gba inú aṣọ wọlé dé ìdajì. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń ju ọwọ́, píìnì ń bá ọwọ́ lọ, ó ń bá ọwọ́ bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ wo ọwọ́ yín.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bá fìlà lórí rẹ̀ nígbà tó ń wá fìlà. Ó fa píìnì náà yọ. Ẹ̀jẹ̀ kò tẹ̀lé e. Ẹ̀rín náà wá tán díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tí wọ́n fi wé ìka láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó tú u tán, àwọn méjèèjì tí wọ́n mọ àwọ̀ bí ẹni mọ ojú ọmọ, wọn kò rí orúkọ tí wọ́n máa pe èyí. Ó ti di àlùkò, àlùkò náà sì ń lọ sí eérú.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí wọn kì í ṣe. Lójú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn bí ẹni tó jí nǹkan. Àwọn tó ń kí wọn, Àbúrò ló ń dá wọn lóhùn.

Yàrá ìdúró ilé ìwòsàn náà kò tóbi, bẹ́ǹṣì mẹ́ta ni, wọ́n kun ògiri láwọ̀ ewé títí dé àárín, òkè rẹ̀ funfun. Nínú yàrá inú, wọ́n ń fún ọmọ kan lábẹ́rẹ́, ọmọ náà ń ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ igbe náà. Ó rọra ní, “Ọmọ yẹn ń jayé.” Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ìka òsì, ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú kan náà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀.

Àbúrò kò lè wò ó. Ó tẹrí ba, ó ń wo ìdí síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Òwú kan yọ níbẹ̀, ìrù òwú tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé láti gé. Ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi eyín já a.

Eyín rẹ̀ dúró lórí òwú náà.

Ta ló gé ti ìka?

Ó ronú padà. Òun ló so ó. Máníjà dé. Òun ló wé e. Lọ́jọ́rú, omi dídì. Aṣọ kò kúrò lára rẹ̀. Lónìí, Ẹ̀gbọ́n ló tú aṣọ. Kò sí òwú kankan tí Àbúrò rí, àti pé ó wò ó dáadáa. Àbí Ẹ̀gbọ́n ti gé e nílé? Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n kì í gbàgbé nǹkan. Ṣùgbọ́n òwú gígé, ta ló ń gé òwú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn? Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́?

Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á di pé Àbúrò ló pa ìka Aránmáhàn. Kì í ṣe ìka kan lásán. Ìka yẹn ló ń bọ́ ilé méjì. Wọn ò tún ní sọ ti òwú abẹ́ apá aṣọ mọ́. Èyí ni wọ́n á máa sọ títí òun á fi wọ ilẹ̀. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn wà nínú níbẹ̀. Bí òwú bá wà, ṣé wọn ò ní rí i ni?

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “òwú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn…”

Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n wọlé.

Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ obìnrin tó sanra, tó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń pa lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n ti parọ́ fún láti àárọ̀. Ó gbé ìka náà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ orí rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó tún tẹ ìka kejì, àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí, ó sì padà kíá. Ti ìka yẹn kò padà.

“Ṣé ó ń dùn yín, Màmá?”

“Kò dùn mí rárá, mo dúpẹ́.”

“Ẹ má tíì dúpẹ́.” Ó béèrè gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì sọ fún un: abẹ́rẹ́, wíwú, omi dídì, oògùn. Ó fi ìgbéraga díẹ̀ sọ bí òun ṣe ṣẹ́gun wíwú náà. Nọ́ọ̀sì ń mi orí.

“Ẹ gbọ́,” ló wí. “Bí iná bá sọ nínú ilé yín, kí làwọn aládùúgbò máa ń ṣe? Wọn ò ní kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á fo ògiri, wọ́n á da omi, wọ́n á tẹ òdòdó yín mọ́lẹ̀, àgbàlá á di ẹrọ̀fọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé àwọn gan-an ló wá ba ilé jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lara ṣe rí. Abẹ́rẹ́ gún un, ìdọ̀tí bá abẹ́rẹ́ wọlé, ara ránṣẹ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya débẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbóná. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò sínú ẹran, àwọn tó ń jẹ kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde lọ síbi iṣẹ́. Òun lẹ ń pè ní wíwú. Ìrora ni ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo pé ẹ má gba ibí, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sílẹ̀ kó sinmi. Ẹ̀yin wá ń lé wọn.”

“Ṣé oògùn ló wá pa á?” Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti yí padà.

“Oògùn ò lè pa ìka. Ó kàn dí yín létí ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ibí yìí dákẹ́ jù. Iná ò tíì kú. Àwọn aládùúgbò ni kò rí ọ̀nà wọlé, mi ò sì mọ ohun tó dí ọ̀nà.” Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀. Ó ní òun máa kọ lẹ́tà kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí yìí, kì í ṣe lọ́la. Ó ní kí wọ́n múra ọkàn sílẹ̀, pé nígbà mìíràn wọ́n máa ń gé ibi tó kú kó má baà pa ibi tó yè.

Ẹ̀gbọ́n ń wo ìka náà bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá wọ́n lè fi ìdajì sílẹ̀. Ó ní bó ṣe ìdajì náà, òun á wá ọgbọ́n dá sí i. Bó ṣe béèrè rẹ̀, bí ẹni tó ń ná ọjà, ló mú kí nǹkan kan já nínú Àbúrò.

“Òwú wà níbẹ̀,” ló wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

“Èmi ni mo so ó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò gé e. Mo gbàgbé, mi ò gé e.”

Nọ́ọ̀sì ju bírò sílẹ̀. Ó fa iná sísàlẹ̀, ó yí ìka náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìdí ìka náà ní ihò jíjìn kan bí ìlà, awọ ti wú bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Ó fi ohun irin ṣóńṣó kan wá inú rẹ̀. “Mi ò rí òwú kankan.”

“Ẹ ò lè rí i. Ó bá ara wọn mu.” Ó sún mọ́ ọn, kò tọrọ àyè. “Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo mọ ibi tí mo máa ń ta kókó sí.”

Ó di ojú. Ó fi èékánná àtàǹpàkò rìn gba ẹ̀gbẹ́ ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ sí apá ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ta kókó láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí kókó má baà hàn lójú aṣọ. Nǹkan kékeré kan le lábẹ́ awọ, kò tó orí píìnì. “Ibí,” ló wí. Kò gbé ọwọ́ kúrò títí nọ́ọ̀sì fi mú abẹ kékeré wá. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan, kò já. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì. Òwú ọ̀rá náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po mẹ́ta, ó tutù, ó ń dán, kò sì sí èyí tó gùn ju ìka lọ.

Nọ́ọ̀sì ní wíwú ló fún un pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń yọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀; bí ara ṣe ń wú ni òwú ò na, títí ọ̀nà fi dí. Ó fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé ọwọ́ náà. Ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wò ó. Bí àwọ̀ bá padà, kò ní kọ lẹ́tà. Bí kò bá padà, lẹ́tà wà lórí tábìlì.

Wọ́n jókòó. Aago ògiri ní ọwọ́ gígùn kan tó máa ń wárìrì kó tó sún. Ẹ̀gbọ́n kò wo Àbúrò. Kò bú u, kò pòṣé, kò sọ ti ẹni tó wẹ̀ tí kò fọ ẹsẹ̀. Àbúrò ì bá ti fẹ́ kí ó sọ ọ́. Ó ń wo ìka náà títí ojú fi ń tàn án jẹ; ó rò pé ó ti ń pọ́n, ó tún rò pé kò pọ́n. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Ó tún wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró díẹ̀ sí i, ó fa àga kan, ó jókòó.

Nígbà náà ni Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó di etí bẹ́ǹṣì mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bú ẹni tó ṣe é, ó bú òtẹ́ẹ̀lì àti fèrèsé ogójì tí wọ́n gbẹ́ sí i bí ẹni tó ń kọ́ ilé ẹyẹlé. Omi ń jáde lójú rẹ̀.

“Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n? Kí ló ń ṣe yín?”

“Ó ń dùn mí. Yéè, ó ń dùn mí.”

Èdè wa kò fún egbò àti oyin ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dídùn kan náà ni méjèèjì ń dùn. Láyé Àbúrò, kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ń wo àwọn àgbà obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń sunkún nínú yàrá rẹ̀, ó fa lẹ́tà tí kò tíì kọ parí náà ya sí méjì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ pariwo kó máa pariwo, àwọn aládùúgbò ti dé.

Àbúrò ló jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ogójì kọ́tìnnì pé, wọ́n sì gbé e lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú mẹ́sàn-án tí òun rán, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí ojú abẹ́rẹ́. Ìka náà tún wú, ó gbóná, ó pọ́n, ó gba abẹ́rẹ́ oògùn àti ìwẹ̀ egbò lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì sì ń yìn ín bí ẹni yin ọmọ tó gba ipò kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èékánná rẹ̀ já. Orí ìka ọ̀hún kò mọ nǹkan dáadáa mọ́ bí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n ìka náà wà.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, Ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ òwú. Ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Bí Àbúrò bá gé ìrù òwú lára aṣọ, á gé e tán, á tún padà wá wò ó, á tún gbé e sójú fèrèsé. Ó ń retí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀, ó ń retí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kò wá. Ó ti ń rò ó pé bóyá kò ní wá láéláé, pé bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa fi jẹ òun níyà nìyẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹfà kí oníbàárà kan, ìyàwó olóògùn ìkóríta, tó rí ìka tí kò ní èékánná. Ó ní, “Aránmáhàn, kí ló ṣe ìka yín?”

“Wọ́n fi òwú so ó, wọ́n gbàgbé gé e.”

“Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀?”

Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù dúró kó má baà jó aṣọ.

“Àbúrò mi ni,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó ń wọn èjìká obìnrin náà lọ, kò gbójú sókè. “Òun ló so ó. Òun náà ló sọ ọ́.”

Obìnrin náà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó mú aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ká okùn ìwọ̀n sọ́rùn, ó kọjá sí ìdí tábìlì tí Àbúrò wà, ó na ìka náà sí i. Èékánná tuntun ti ń yọ nídìí rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní kí Àbúrò bá òun wò ó, nítorí pé ojú òun kò ríran súnmọ́ mọ́, ṣé ó tọ́ àbí ó wọ́.

Àbúrò gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó dáadáa.

“Ó wọ́ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo mọ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.